Ewéko tí Mo Fẹ́ Sọ ní Yétúndé

Òórùn òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí ló máa ń dá mi padà sí yàrá kékeré kan ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ábùjá, ní ọdún 2014. Iṣẹ́ mi ni láti wo àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, tí àmì ewéko kan tó ti parun wà lára wọn. Cooksonia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ti wà kí igi kankan tó wà. Kò ní òdòdó, kò ní ewé. Ọ̀pá tín-ín-rín tó yà sí méjì méjì ni, tó ru kókó bí orí ìṣáná. Ìrísí kókó yẹn la fi ń ya irú kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn.

Mo wá rí àwọn kan tí kókó tiwọn fẹ̀ lórí bí ẹnu ife. Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá rí irú tuntun ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Màmá mi sì ti kú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú, mi ò sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ara mi kàn kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé. Àwọn ẹbí ń retí kí n bí obìnrin kí n sọ ọ́ ní Yétúndé, bẹ́ẹ̀ ọkọ gan-an kò sí nílẹ̀. Mo ní ewéko yìí ni n ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ti kọ orúkọ náà sára páálí tí a ń fi sàmì sí òkúta.

Bàbá mi, àgbẹ̀ láti Èkìtì, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Karu, nítòsí Ábùjá, nígbà náà. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó bá fọ́tò àwọn òkúta náà lórí tábìlì.

“Ewé wo rèé? Ewé ẹ̀ dà?”

“Kò ní ewé, Bàámi.”

“Ewé tí ò léwé!” Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó wá ń to àwọn fọ́tò náà ní ẹsẹẹsẹ. “Èyí ṣì kéré. Èyí ń gbó bọ̀. Èyí tó lanu yìí ti gbó, ó ti da èso ẹ̀ nù. Ọ̀kan náà ni wọ́n.”

Mo bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, mo gbé òkúta kan tí mo ti tì sẹ́yìn jáde: kókó tó padé àti èyí tó lanu, lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀ o. Mo gbójú fò ó ni. Mo ya páálí náà. Kò tilẹ̀ dùn mí.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Bàbá pé òótọ́ ló sọ. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ ọ́.

“Yétúndé.”

“Ìyá rẹ kì í gba ohun tí kì í ṣe tiẹ̀.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

Ọdún mẹ́ta kọjá kí n tó sunkún. Mo ń fọ ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbójú sókè, màmá mi ló ń wò mí nínú dígí: ìlà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, irun funfun díẹ̀ níwájú orí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, mo sunkún dáadáa. Irú kan náà ni wá. Mi ò kàn tíì gbó nígbà yẹn ni.