KO FE E: Ìbò Tí A Dì Láìfi Àmì Sí I

Ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Mo ti wà nínú ìjà tó le ju èyí lọ. Mo ti bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba títí ẹsẹ̀ wa fi wú. Mo ti ṣọ́ àpótí ìbò ní wọ́ọ̀dù wa, mo sì fi ojú mi rí ẹni tó gbé e sá lọ. Nínú gbogbo ìwọ̀nyẹn, mo mọ ẹni tó jẹ̀bi, mo sì mọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ lónìí yàtọ̀. Ìbò ni, a sì fìdí rẹmi nínú rẹ̀, àmọ́ títí di òní n kò lè sọ pé wọ́n jí i, n kò sì lè búra pé wọn kò jí i.

Ọ̀rọ̀ eré orí tẹlifíṣọ̀n ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n aládàáni kan ń gbé eré àtìgbàdégbà kan jáde ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n pè é ní Ilé Alájà Mẹ́ta. Mọrẹ́nikẹ́ ni ọmọbìnrin inú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbẹjọ́rò ni. Ó gbé onílé tó fẹ́ lé ìyá rẹ̀ síta lọ sí kóòtù, ó sì borí. Inú mi dùn sí i bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ṣe díẹ̀, Kọ́lápọ̀ wọlé, ọkùnrin olówó kan. Kọ́lápọ̀ fọ́ fóònù ọmọ náà mọ́ ògiri. Ó tì í mọ́lé fún ọjọ́ méjì. Agbẹjọ́rò wa, tó mọ ọ̀nà kóòtù bí ẹni mọ ilé ìdáná rẹ̀, kò tún rántí pé àgọ́ ọlọ́pàá wà láyé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Kọ́lápọ̀ yìí kan náà di olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀ nínú òjò, ó ń sunkún, orin dídùn sì ń lọ lábẹ́lẹ̀ kí a lè mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, tí a ti sin lójú gbogbo wa ní bí oṣù méjì ṣáájú, tún yọ sí wa, ó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó dárí ji Kọ́lápọ̀. Òkú jáde wá ṣe alárinà! Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá kọ irú rẹ̀, n óò dá ìwé rẹ̀ padà láìmáàkì í. Èdè Yorùbá ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀dá ìtàn tó bá yí ìwà padà gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi yí i padà.

Nítorí ìyẹn nìkan, n kì bá tí gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn. Bọ́láńlé ló gbé mi dìde.

Nọ́ọ̀sì ni Bọ́láńlé. Ìyá rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, a jọ ṣe olùkọ́, a jọ yanṣẹ́ lódì, ilé wọn kò sì ju ìrìn díẹ̀ lọ sí tèmi ní Òkè-Ìlá. Ọmọ ìlú Ìyìn ni wọ́n, ìdílé Kátólíìkì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Táíwò ń fẹ́ Bọ́láńlé. Táíwò yìí ti ju fóònù rẹ̀ sínú kànga rí. Ó máa ń dúró sí ẹnu géètì ọsibítù láti wo ẹni tó bá a jáde. Bọ́láńlé sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò ṣe mọ́, ìyá ní kó ṣe sùúrù. Lójú mi ni wọ́n ti sọ ọ́:

“Bọ́lá, ọkùnrin a máa yí padà. Ṣé o ò rí Kọ́lápọ̀ ni?”

“Mọ̀ọ́mì, eré ni Kọ́lápọ̀.”

“Níbo ni wọ́n ti rí eré náà ṣe? Ṣebí láyé yìí náà ni. Ulé ọkọ kì í dùn lọ́jọ́ kìíní.”

Mo dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sọ pé ẹni tó ń kọ eré yìí ní láti jíhìn.

Àwa obìnrin bí ogún, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti nọ́ọ̀sì, la kó ara wa jọ sí oríta Fájuyì láàárín ìlú. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ gbogbo pátákó náà, mo sì fi àmì sí i pé pérépéré: KÒ FẸ́ Ẹ! A ń pariwo rẹ̀, ohùn wa ń lọ sókè sódò: Mọrẹ́nikẹ́ kò fẹ́ ẹ! Àwọn ọlọ́kadà ń dá sí i.

“Màmá, ẹ jẹ́ ó fẹ́ ẹ jàre! Ọkùnrin tó ní jíìpù mẹ́ta!”

“Ṣé jíìpù ni yóò máa sìn ọ́ délé tí wọ́n bá fọ́ ọ lójú?” Ìyá Bọ́lá ló dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Bọ́lá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí èmi nìkan dá dúró nínú oòrùn.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé tiyín tán, ẹ fẹ́ ba ti ẹlòmíì jẹ́!” ni ọlọ́kadà náà wí, gbogbo ènìyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹta, máníjà ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pè wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń tẹríba bí ẹni tí a kọ́ dáadáa. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, kí la ó máa bára wa jà sí? Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ìlú dìbò. Bí wọ́n bá ní kó kọ ọkùnrin náà, yóò kọ̀ ọ́. Ohun tó ń ti ẹnu yín jáde gan-an la ó fi dì í.” Èmi tí mo ti rí ìbò rí, mo gbà lójú ẹsẹ̀. Kódà, mo dúpẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀kan nínú méjì ni kí a fi ránṣẹ́ lórí fóònù: KO FE E, tàbí KO KO O. Wọn kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wò ó, mo rí ọ̀rọ̀ orí pátákó mi, inú mi dùn. Mo gba ojúlé dé ojúlé ní Òkè-Ìlá, mo dé Ìyìn, mo ń sọ fún àwọn ènìyàn pé, “KO FE E ni kí ẹ tẹ̀ o.”

Ìyá Bọ́lá náà bá ọmọ rẹ̀ dá májẹ̀mú. Ó ní, “Ohun tí Èkìtì bá sọ ni n óò gbà. Bí wọ́n bá ní kí Mọrẹ́nikẹ́ kọ̀ ọ́, o ò ní gbọ́ orúkọ Táíwò lẹ́nu mi mọ́. Bí wọ́n bá ní kó fẹ́ ẹ, kí àwọn ẹbí Táíwò wá mọ̀ wá lóṣù tó ń bọ̀.” Bọ́láńlé mi orí. Ẹ rí i, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ayé ọmọ ènìyàn gan-an ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n, ó rẹ́rìn-ín sí wa: “Ìlú ti sọ̀rọ̀! Kó fẹ́ ẹ!” Ó ní KO FE E ló fi ọ̀nà jínjìn ṣíwájú, pé ìgbéyàwó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo ti wà lọ́fíìsì máníjà.

“Ẹ jí ìbò!”

“Mà, KO FE E ló wọlé. Ẹ̀yin náà lẹ polongo rẹ̀.”

“Kò fẹ́ ẹ la polongo! Obìnrin náà kò fẹ́ ọkùnrin yìí!”

“Háà. Kó fẹ́ ẹ làwa kọ, mà. Kó fẹ́ ẹ, tàbí kó kọ̀ ọ́.”

“Kí ló dé tí ẹ kò fi àmì sí i?”

“Mà, ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ orí fóònù?”

Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò fún wọn dá sí i láti ẹnu ọ̀nà: “Ẹ dákun, ọ̀gá, kò kọ̀ ọ́ lèmi ka ìkejì sí o. Mo rò pé àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ra wọn ló ni ìyẹn.”

Gbogbo wa wo ara wa. Ìwé ìbò méjì, ìtumọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ní kí ó fẹ́ ẹ àti ẹni tó ní kò fẹ́ ẹ ti tẹ lẹ́tà kan náà. Máníjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì ni, tàbí ti ẹni tí ète rẹ̀ ti ṣẹ. Mo ti rò ó títí. Ohun tó dá mi lójú ni pé èmi, tí mo ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì ohùn, ni mo lọ ojúlé dé ojúlé tí mo ń sọ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Mo gba Òkè-Ìlá lọ láti ṣàlàyé kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí ẹbí Táíwò. Ìyá Bọ́lá ń ṣa ẹ̀wà, Bọ́láńlé jókòó tì í.

“Ìyá Dàpọ̀, ọ̀rọ̀ ìbò yẹn ò yé mi,” ó sọ fún mi. “Èmi náà tẹ KO FE E.”

“Pé kó fẹ́ ẹ?”

“Olúwa má jẹ̀ẹ́! Pé kò fẹ́ ẹ ni. Ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n tì mọ́lé! Ṣé orí mi dàrú ni?”

Mo jókòó. “Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín Mọrẹ́nikẹ́ àti ọmọ tìrẹ?”

Ó ṣa ẹ̀wà títí. “Àwọn ará ìjọ kì í bi mí léèrè ọkọ Mọrẹ́nikẹ́ lẹ́yìn Máàsì.”

Mo yíjú sí Bọ́láńlé. Ó ní KO KO O lòun tẹ̀.

“Ó dáa. Pé kó kọ̀ ọ́?”

Ó bu ẹ̀wà díẹ̀ sọ́wọ́, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣà á. 

“Àbí pé kò kọ̀ ọ́?”

“Mà, nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, mi ò fi àmì sí i nínú ọkàn mi.”

Inú bí mi. Mo ní, “Ṣé nítorí tìrẹ kọ́ ni mo ṣe dúró sínú oòrùn ọjọ́ mẹ́ta?”

Ó kúnlẹ̀ kó tó dá mi lóhùn, nítorí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. “Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n mi ò rán yín.”

Òótọ́ ni. Mo gbọ́ èrò ọlọ́kadà, mo bá ará Ìyìn sọ̀rọ̀, mo bá máníjà jiyàn. N kò jókòó ti ọmọ náà lọ́jọ́ kan kí n bi í pé, kí ni ìwọ fẹ́?

Ìyá rẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ìbò ti dàrú, a kò sì ní lò ó. Ẹbí Táíwò kò wá lóṣù náà, wọn kò sì tíì wá títí di òní.

Kí la rí gbà? Ilé-iṣẹ́ náà ń fi àmì sí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sójú tẹlifíṣọ̀n báyìí, títí kan ìpolówó ọṣẹ. Kí la pàdánù? Mọrẹ́nikẹ́ ṣègbéyàwó. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún di agbẹjọ́rò, ó ń gbèjà obìnrin tí ọkọ rẹ̀ tì mọ́lé, ó sì sọ̀rọ̀ ní kóòtù bí ẹni pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Mo bú òǹkọ̀wé náà sókè nínú yàrá mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Ìyá Bọ́lá, ẹni tó ní kí ọmọ rẹ̀ ṣe sùúrù, tó tún gbé pátákó ní Fájuyì, mo sì dákẹ́. N kò mọ ohun tí n bá kọ sétí ìwé rẹ̀, ká ní ẹ̀dá ìtàn ni.

Ohun tó kù, n kò mọ orúkọ tí n óò pè é. Ní oṣù tó kọjá, Bọ́láńlé wá kí mi, àpòòwé ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

“Mà, ẹ bá mi tọ́jú wọn.”

“Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan kan, mà. Ọ̀dọ̀ yín ni mo fẹ́ kí wọ́n wà.”

Mo rántí fóònù inú kànga. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi í. Mo ní, “Bọ́lá, kí ni ìwọ fẹ́?”

Ó ní, “Mo ṣì ń rò ó, mà.” Ó dì mọ́ mi, ó sì jáde. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Táíwò wà nínú ọkọ̀ níwájú ilé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja nínú eruku, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Bọ́láńlé wọ ọkọ̀, ó juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́ padà, àpòòwé náà wà lábẹ́ apá mi.