Aládùúgbò Tó Ń Retí Igún

"Ẹ má tíì sin ín!" Ohùn yẹn ṣì wà létí mi. Màmá kan tó jẹ́ olùkọ́ yunifásítì, tí a jọ gbé ilé kan náà ní Ìbà, ló ni ohùn náà. Iṣẹ́ ìwádìí wọn dá lórí àwọn ẹranko tó ń jẹ òkú. Bí ewúrẹ́ bá kú ládùúgbò, wọ́n á fẹ́ wo ohun tó máa kọ́kọ́ wá jẹ ẹ́. Igún gan-an ni wọ́n ń retí.

"Igún ń gbálẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́," wọ́n á ní, "ẹ̀yin sì ń lé e."

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé òkú àgbò wá láti ọjà ẹran ní Alábá Rágò, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé. Òórùn gba gbogbo yàrá. Mo pariwo títí ó fi sú mi. Láńlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n gbé e jáde, àbí kí wọ́n kó ẹrù wọn.

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ni igún kan bà lé orí fẹ́ǹsì. Ó ti rù. Màmá di ọwọ́ mi mú, omijé sì bọ́ lójú wọn.

"Mo rò pé igún ti tán níbí ni."

Láńlọ́ọ̀dù fi aṣọ bo imú. "Tó bá ti yó, Màmá, ẹ palẹ̀ ẹ̀ mọ́ o!"

Inú ṣì ń bí mi nígbà tí mo wọlé, àmọ́ mo rọra ti fèrèsé, kí igún má baà fò lọ.