Òróró Nínú Kọ̀ǹpútà Wa

Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí a ní nílé. Ọkọ mi ló rà á ní Wuse, ní Àbújá, ó gbé e sórí tábìlì kan ní pálọ̀ wa ní Galadimawa, ó wá ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Èmi tẹ orí mọ́lẹ̀ wo kíbọ́ọ̀dù ẹ̀, èébì sì gbé mi. Irun wà láàárín àwọn bọ́tìnnì. Èérún búrẹ́dì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun funfun pẹlẹbẹ kan tó jẹ́ èékánná, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé kì í ṣe èékánná. Èékánná òyìnbó tí n kò mọ̀ rí, nínú pálọ̀ tèmi. Mo da kíbọ́ọ̀dù dojú dé sórí ìwé ìròyìn, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo gbogbo ojú ẹ̀. Ọkọ mi ní àṣejù ti wọ ọ̀rọ̀ mi. Mo ní tó bá jẹ́ abọ́ ni, ṣé á bu ọbẹ̀ sínú ẹ̀ jẹ?

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gba tiẹ̀. Wọ́n ń kọ́lé káàkiri àdúgbò wa nígbà yẹn, tí ọyẹ́ bá sì ti dé, eruku pupa á bo gbogbo nǹkan, á wọ inú ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, á dì síbẹ̀. Ibẹ̀ móoru, ni àwọn aáyán bá sọ ọ́ di ilé. Mo máa ń fẹ́ tẹ iṣẹ́ tí mo gbé wálé láti ọ́fíìsì, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́, bí mo bá ti tan ẹ̀rọ náà báyìí, wọn á na irùngbọ̀n wọn síta nínú ihò, wọn á máa fì í sí mi. Ó rí mi lára débi pé bàtà kan kì í kúrò lórí itan mi tí mo bá ń tẹ̀wé.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n lè gbé e jùnù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá bá wa, wọ́n wá tọ́jú ojú wọn ní Àbújá. Ọmọ kan ṣoṣo ni a bí, obìnrin ni, Àbújá ni a sì bí i sí. Ó máa ń gbọ́ Yorùbá, òyìnbó ló fi ń dáhùn. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń fẹ́ fi oríkì wa kì í, láràárọ̀ náà ni ọmọ yìí máa ń fẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀, tí á sì fi èkejì sáré lọ bá tẹlifíṣọ̀n. Ó dun Màmá. Wọ́n ní, "Bí mo bá lọ tán, ta ni yóò máa kì í? Ṣé ìwọ tó o gbàgbé ìdajì ni?"

Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ọkọ mi wá so maikirofóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní kí Màmá sọ̀rọ̀ sí i. Màmá ní kí wọ́n má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, òun ò lè jókòó kí òun máa ki àpótí. Àfi ìgbà tí a mú ọmọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí wọ́n tó lanu. Wọ́n kì í dáadáa, láti orí baba ńlá wa wá.

Kò pẹ́ tí wọ́n padà sílé ni wọ́n kú. Fọ́tò wọn wà lọ́wọ́ wa, ohùn wọn ni kò sí níbòmíràn àfi inú ẹ̀rọ ẹlẹ́gbin yẹn. Dísíkẹ́ẹ̀tì kò lè gbà á, ó ti tóbi jù. A ní a ó wá ẹni tí yóò bá wa kọ ọ́ sórí síídì, a sì ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Ilé wa ni ẹgbẹ́ àdúrà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ti máa ń pàdé. Kọ̀ǹpútà ti ń dákú láàárín iṣẹ́ nígbà yẹn, ọkọ mi sì fi í kún àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ gbàdúrà lé lórí, torí ibẹ̀ ló ti ń tẹ ìwé ètò ìkórè. Ìyá ìjọ kan wà láàárín wa tó máa ń ya mọ́tò tuntun sí mímọ́, tó ń ya fíríìjì, tó ń ya ẹ̀rọ amúnáwá. Ìyá ìjọ yìí kì í fi òróró ṣahun. Mo wà ní kíṣíìnì, mò ń kó mínírà sórí tíréè. Ìgbà tí n ó fi jáde, wọ́n ti di ojú wọn, wọ́n ti da ẹnu ìgò kọ ihò afẹ́fẹ́ lókè kọ̀ǹpútà, òróró ń wọlé gbuurugbu.

Ta ló máa dá àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́nu àdúrà, níṣojú gbogbo ìjọ? Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo òróró náà, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ẹnu ẹ̀ sì ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, débi pé wọ́n jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà ni eruku lẹ̀ mọ́ òróró. Òróró náà wá kan, ó ń rùn bí ọbẹ̀ tó ti bà jẹ́. Aáyán pe àwọn ẹbí wọn. Mò ń fi aṣọ bo imú tẹ̀wé nínú ilé ara mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, iná dé pẹ̀lú agbára, nǹkan dún pàù nínú ẹ̀, èéfín sọ.

Èmi àti ọkọ mi gbé e lọ bá ọmọ Ìlọrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Wuse. Bó ṣe tú ìdérí ẹ̀, ó ní, "Kai," ó sì fà sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ dúdú ló bo gbogbo inú ẹ̀. Aáyán tó ti kú rọ̀ mọ́ ọn, ọmọńlé kan gbẹ mọ́ ìdí fáànù, ìrù ẹ̀ ti já. Mo jáde lọ tutọ́.

Ó bi mí pé, "Mọ̀mí, ta ló ń dín àkàrà nínú ẹ̀?"

N kò rí ẹ̀rín rín. Mo ní kó ṣáà bá wa yọ ohùn ìyá mi jáde. Ó yọ háàdì-dísìkì, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, ó tún so ó mọ́ òmíràn, ó sì mi orí. Ó ti jóná. Mo bú sẹ́kún ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, n kò bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Nígbà tí a délé, ọmọ wa ń jẹ bisikíìtì ní pálọ̀. Ó fi òyìnbó bi wá pé kọ̀ǹpútà dà. Bàbá ẹ̀ sọ fún un pé ó ti bà jẹ́ pátápátá, pé ohùn Màmá náà ti lọ. Ó ní, ṣé èyí tí òun máa ń gbọ́ tí òun bá ti dé láti iléèwé ni? A wo ara wa. Àwa ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ọ.

Ló bá dìde, ó bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ a-jí-gbálẹ̀-kí-oòrùn-tó-yọ..." Ó ń fi imú pè é bí òyìnbó, ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, etí ń ta mí. Síbẹ̀ kò fo ẹnì kankan nínú àwọn baba ńlá wa. Bó ṣe ń bá a lọ, ó dúró, ó wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ. Mo rò pé bisikíìtì ló há a lọ́fun, mo sáré fẹ́ lọ bu omi. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá mi ti wúkọ́.