Orò Ọjọ́ Ìdìbò

Fúnmiọlá kò pa ọjọ́ ìdìbò kankan jẹ rí. Ó ti wé gèlè, káàdì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó gbọ́ ohùn Orò lójú títì. Lábúlé wọn lẹ́bàá Èrìò, ṣebí lẹ́yìn iṣu tuntun ni Orò ń jáde, tí obìnrin kì í yọjú síta? Iṣu ṣì wà nínú ebè!

Ó há sínú ilé títí Kọ̀yà ọkọ rẹ̀ fi wọlé nírọ̀lẹ́, tàdáwà ìdìbò lára ìka rẹ̀.

“Ìyá Dàpọ̀, má bínú. Àwa àgbà la gbé Orò sí òní. Ẹni tí ẹ̀yin obìnrin fẹ́ dìbò fún kọ́ la fẹ́.”

Ọkọ òun fúnra rẹ̀!

“Oúnjẹ ńkọ́?” Kọ̀yà bèèrè.

“Ìta nilé ìdáná wà, Bàbá Dàpọ̀. Orò ò sì tíì wọlé.”