Òkú Tó Ń Ti Kòkó Wọlé

Èmi kò gbà pé òkú a máa rìn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán mi. Ìdí kejì ni pé SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sójà, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi: ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo wà ní Ìkẹjà kò rí òwú rà mọ́, wọ́n sì ní ká máa lọ sílé. Lójú àwọn èèyàn mi, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ló yẹ kó lọ wo òkú.

Ilé oko bàbá bàbá mi ní Agége ni wọ́n ní òkú náà wà. Ó kọ́ ọ láyé ìgbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko kòkó. Orí òpó kúkúrú ni ilé náà dúró lé. Bí òjò bá ṣú, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ti pẹpẹ tí wọ́n ń sá kòkó lé wọ̀. Pẹpẹ wọ̀nyí ní táyà irin kéékèèké, wọ́n sì ń yí lórí irin gbọọrọ bíi ti rélùwéè. Kòkó ti tán tipẹ́, búrẹ́dì ni Agége ń tà báyìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, nìkan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ ta ilé náà fún oníṣòwò kan tó fẹ́ wó o, kó fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Màmá yóò kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Maryland, l'Ékòó níbí, ní àjà kẹta ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni oníṣòwò wá wo ilé, ẹ̀ẹ̀mejì ló sá. Ó ní nǹkan ń dún gbìrìgìdì lábẹ́ ẹsẹ̀ òun lọ́sàn-án gangan. Àdúgbò ti túmọ̀ rẹ̀: bàbá àgbà ló ń ti kòkó rẹ̀ wọlé kí òjò má baà pa á.

Lọ́jọ́ Sátidé tí oníṣòwò yóò wá lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí sànítéṣọ̀n, ìmọ́tótó àyíká oṣooṣù, parí tí àwọn sójà kò lé èèyàn kiri mọ́, mo gba Agége lọ. Màmá ti ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun ní Abúlé Ẹ̀gbá. Mo lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Lóòótọ́ n kò gbà pé òkú ń rìn, ṣùgbọ́n bàtà tó ṣeé fi sáré ni mo wọ̀.

Oníṣòwò dé, ó gun àtẹ̀gùn, ó ṣílẹ̀kùn. Gbìrìgìdì! Mo rí ọkùnrin náà tó ń sá lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. Èmi náà ì bá sá, ẹsẹ̀ mi ló kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ ilé. Ó ṣókùnkùn, mo kàn ń gbọ́ ẹnì kan tó ń mí hẹlẹ, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i. Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Oo! Ẹ ṣeun o!" ni òkú dáhùn.

 Nígbà tó yá, Màmá rá jáde láti ẹ̀yìn pẹpẹ kòkó tó ń tì, òwú aláǹtakùn ló bo gèlè rẹ̀.

"Ta ló ní kó o kí mi?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dáhùn?"

"Kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́ kí n má dáhùn? Ṣé ẹran ni mí ni?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé omi ojú tirẹ̀ kò dá.

"Ibí ni wọ́n bí mi sí," ó ní. "Wọ́n ti pín ilé, wọ́n ti pín ẹrù mi pàápàá. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé mo fẹ́ lọ."

"Ẹ ò ṣe sọ fún wọn?"

"Ṣé àwọn ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn ni n ó wá máa bẹ̀?"

Inú bí mi sí àwọn bàbá mi. Inú bí mi sí ara mi náà, nítorí èmi pẹ̀lú kò bi í.

Lọ́jọ́ kejì, ẹbí pé. Màmá jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Bàbá mi kékeré, tó ń ṣètò títà náà, bi mí bóyá òkú wà níbẹ̀.

"Ó wà. A jọ sọ̀rọ̀."

Bàbá kékeré sún mọ́ mi.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ ò bi Màmá bóyá wọ́n fẹ́ lọ."

Bàbá kékeré la ẹnu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò wá. Ó yíjú sí kọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ lọ sí Maryland ni?"

Màmá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀.

"Mi ò fẹ́."

Bàbá kékeré dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, tòun ti irùngbọ̀n funfun.