Aago Tán, Eré Kò Parí

Ọjọ́ tí ayọ̀ já mọ́ wa lẹ́nu ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi, Dàpọ̀, ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé sáré. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Mummy rí rẹfirí tó ń bá kóòṣì àwọn alátakò wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀rín yẹn kò mọ́."

Nígbà tí aago tán, àwa là ń borí. Mummy bọ́ bàtà bí a ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, wọ́n kúnlẹ̀ sórí koríko, wọ́n ń ké Halelúyà. Àṣé aṣọ yẹ́lò tí rẹfirí máa ń jù bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ti wà nílẹ̀! Ó ní ẹnìkan nínú àwọn tiwa tó ń dènà ti fa alátakò kan ní jẹ́sì, eré kò sì lè parí bẹ́ẹ̀. Àwọn alátakò á tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, láìka aago.

"Màgòmágó!" Mummy pariwo.

Ìgbìyànjú kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n fi borí wa.

Nínú bọ́ọ̀sì ní òpópónà Harrow Manorway, Mummy ṣì ń bú rẹfirí. Wọ́n ní, "Dàpọ̀, gbé ọwọ́ wá, kí n gbàdúrà sí i." Kò fẹ́. Wọ́n fà á. Òwú pupa há sí èékánná rẹ̀, àwọ̀ jẹ́sì àwọn alátakò. Èébú rẹfirí tán lẹ́nu Mummy.

Títí dòní, bí eré bá parí, ọwọ́ Dàpọ̀ ni Mummy ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó bọ́ bàtà.