Dókítà Àti-Àwọn-Mìíràn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń sọ irun orí mi di funfun, ìyàwó mi ni. Kì í ṣe pé ó burú. Ìwà rẹ̀ ló dára jù, ó sì ti sú mi.

Títíladé lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí jíìnì inú ẹ̀gẹ́, ìyẹn ohun tí ẹ̀gẹ́ ń jogún lára òbí rẹ̀ tó ń mú kí ọ̀kan yè, kí àrùn sì pa èkejì. Bó bá di àsìkò òdòdó, inú oko ìdánwò lẹ́yìn Akínyẹlé ló máa ń wà, tí á máa fọwọ́ gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ sára abo, tí á sì fi àpò kékeré bò ó kí kòkòrò má bàa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Èmi, olùkọ́ ìṣirò ní Moniya, ni mò ń gun ọ̀kadà gbé oúnjẹ lọ bá a lóko.

Ẹ̀gẹ́ kan wà tí àrùn tó ń mú ewé ká kì í ràn. Òun ló rí jíìnì rẹ̀. Pépà ìwádìí tó kọ lórí rẹ̀, títí dé Bràsíìlì ni àwọn onímọ̀ ti ń tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó bá ṣáájú nìkan ni wọ́n máa ń dá, nítorí náà ohun tí wọ́n ń kọ ni ‘Ọláníran àti àwọn mìíràn’. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníran ni ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dé oko yẹn, bàtà wọn há sínú ẹrẹ̀, wọ́n bá yíjú padà. Títíladé ló gbé orúkọ wọn síwájú, nítorí pé àgbà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nínú ọ̀pọ̀ pépà tó tẹ̀lé e: á wá àgbà kan, á fi í síwájú, òun á tò sẹ́yìn bí ìyàwó ilé tó ń dúró kí ìyá ọkọ bu ọbẹ̀ tán. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Dókítà Àti-Àwọn-Mìíràn. Àwọn ọmọ wa gbà á lẹ́nu mi, kò sì bínú.

Lọ́dún tó kọjá, ó béèrè ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbìmọ̀ yunifásítì wọn yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n gbóṣùbà fún ìtọ́kasí tó pọ̀ jáǹrẹrẹ, wọ́n wá bi í pé, ‘Nínú gbogbo èyí, èwo gan-an ni tìẹ?’ Òfin wọn ni pé pépà tí orúkọ ènìyàn bá ṣáájú nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé iye kan. Ẹyọ kan ló kù kí tirẹ̀ pé. Bí kò bá rí i mú wá kí ọdún tó parí, ó di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún jókòó.

Mo wọ́ ọ lọ sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníran ní Ọlọ́runṣògo, níbi tí wọ́n ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé ìyàwó mi ló ṣiṣẹ́. Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó sọ tẹnu mi tán. Bàbá wò ó títí.

‘Títíladé, ta ló ní kó o fi mí síwájú?’

‘Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, sà.’

‘Mo rò pé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni. Mo ní bóyá o fẹ́ kó jẹ́ èmi ni wọ́n máa bú bí iṣẹ́ náà kò bá rí bó o ṣe wí. Mo bá gbé e rù fún ọ.’

Ẹ gbà mí. Láti ọjọ́ yìí wá, bàbá rò pé oore ni àwọn ń ṣe é. Wọ́n kọ ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Zubaidah fi wọlé wá bá wa nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyàwó mi ń tọ́ sọ́nà fún oyè dókítà ni, ọmọ Alfa Sàníù, àgbẹ̀ tó yá wọn nílẹ̀ oko ìdánwò. Ọmọ náà ti rí jíìnì mìíràn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tètè jẹrà lẹ́yìn tí a bá wà á. Ó ti kọ pépà rẹ̀, ó sì ti rí jọ́nà, ìwé tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn sí, tí kì í pẹ́ tẹ iṣẹ́ jáde. Orúkọ ìyàwó mi ló kọ síwájú.

Inú mi dùn débi pé mo dìde. Mo ní, ‘Ọlọ́run ti dá wa lóhùn.’

Títíladé kò dìde. ‘Zubaidah, ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?’

‘Èmi ni, mà.’

‘Kí ni orúkọ mi ń wá níwájú?’

Ọmọ náà kúnlẹ̀. ‘Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, mà.’

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá obìnrin yìí gbé, n kò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó gbé orúkọ ọmọ náà síwájú, ó ti tirẹ̀ sí ìparí pátápátá. Ó ní, ‘Dìde. Bó o bá fẹ́ kúnlẹ̀, kúnlẹ̀ nínú ilé. Má kúnlẹ̀ nínú pépà.’

Nígbà tí Zubaidah lọ tán, mo ní, ‘Ìyá Bùnmi, ọdún mẹ́ta. Ẹyọ kan lò ń wá, ọmọ náà sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá bá ọ.’

‘Èmi náà fọwọ́ ara mi gbé e fún Prof, bàbá Bùnmi. Ṣé ẹ rí ibi tó gbé mi dé?’

Inú ń bí mi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìgbà tí ìtẹríba ń pa á lára, kò jẹ́ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí tẹlòmíràn máa ṣe é láǹfààní, ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ̀ ọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n dìde, kò sí orúkọ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Zubaidah sáré wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹnì kan ní Ùgáńdà ti tọ́ka sí pépà rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kà á sókè fún wa: ‘Sàníù àti àwọn mìíràn.’

‘Tún un kà,’ ni ìyàwó mi wí.

Ó tún un kà. Títíladé yíjú sí mi, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

‘Bàbá Bùnmi, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ti dárúkọ mi.’